Ta Ló Ni Àbàtà? Àlàyé Lórí Àdéhùn Ramsar

Bí ọjọ́ 2 oṣù Kejì bá ti pé lọ́dọọdún, ìròyìn á gbé e pé Ọjọ́ Àbàtà Lágbàáyé ti dé. Wọ́n á dárúkọ Ramsar, wọ́n á ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i, wọ́n á kìlọ̀ pé ká dáàbò bo àbàtà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu títí di àmọ́dún. Ẹni tó gbọ́ ọ kò mọ̀ bóyá orúkọ èèyàn ni Ramsar ni àbí ti ilé iṣẹ́. Àwọn kan rò pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gba ilẹ̀ olómi wa mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn mìíràn gbà pé àbàtà tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé Ramsar kò ní olùgbèjà, pé ẹni tó bá lówó lè da iyanrìn dí i nígbà tó bá wù ú. Èrò kejì yìí ló léwu jù, torí irọ́ ni, ilé àti oúnjẹ wa ló sì ń bàjẹ́.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe láti dáàbò bo àbàtà ni Ramsar. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Kí ni àbàtà nínú ìwé àdéhùn yìí?

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Wọ́n bára tan, gbogbo wa la mọ̀. Àwọn tó kọ àdéhùn Ramsar náà gbà bẹ́ẹ̀, torí nínú ìwé wọn, ibi tí omi bá ti ń bá ilẹ̀ gbé ni gbogbo rẹ̀: irà tí ẹsẹ̀ ń rì nínú rẹ̀, odò, adágún, ọ̀sà, ibi tí odò ti ń pàdé òkun, àkùrọ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn, oko ìrẹsì olómi, títí kan adágún tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Omi ibẹ̀ lè dúró sójú kan, ó lè máa ṣàn. Ó lè níyọ̀, ó sì lè má ní. Etí òkun pàápàá wọ ibẹ̀, bí jíjìn omi kò bá ti ju mítà 6 lọ nígbà tí òkun bá fà.

Ohun kan wà nínú ìtumọ̀ yìí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ há sórí: àbàtà lè jẹ́ ti ìgbà gbogbo, ó sì lè jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú nínú oṣù Kìíní, tí koríko rẹ̀ ti rọ, tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, lè jẹ́ àbàtà gidi. Omi kàn rìnrìn àjò ni. Bí oṣù Kẹfà bá dé, á padà sílé rẹ̀. Bó bá sì bá ilé ẹlòmíì níbẹ̀, inú pálọ̀ ni yóò wọ̀ sí.

Iṣẹ́ wo ni àbàtà ń ṣe?

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ omíyalé bẹ̀rẹ̀. Òjò tó rọ̀ sórí páànù àti kọnkéré kì í dúró. Ó ń sáré bọ́ sí gọ́tà ni, gọ́tà á gbé e sódò, kò sì ní pẹ́ rárá tí odò á fi kún dé bèbè. Òjò tó rọ̀ sí àbàtà máa ń falẹ̀. Koríko á dí i lọ́nà, gbòǹgbò igi ògùrọ̀ á pín in sọ́tùn-ún sósì, ilẹ̀ á mu nínú rẹ̀, ìyókù á sì máa yọ́ lọ sódò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí odò tó ní àbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kún lójijì, tí kì í sì í tètè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dí i. Ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn á dúró lórí ọ̀sà, á máa fa iyanrìn àti omi pọ̀ láti ìsàlẹ̀, páìpù irin gígùn á gbé e wá sórí irà. Níbi tí ẹnu páìpù bá wà, omi dúdú á máa tú jáde, omi á ṣàn lọ, iyanrìn á jókòó. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀ tuntun á ga ju ìloro ilé àwọn tó ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ látayébáyé. Àmọ́ omi tó ti ń sinmi nínú irà yẹn tẹ́lẹ̀ kò kú. Ibi tó rẹlẹ̀ ló ń wá, ibi tó sì rẹlẹ̀ báyìí ni ilé àwọn aládùúgbò. Ẹni tó ra ilẹ̀ tuntun ń sùn nínú gbígbẹ, ẹni tó ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù. Mi ò rò pé ẹ̀tọ́ ni kí ẹnì kan ta ìsinmi ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ti oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹja tí à ń jẹ kì í ṣe agbami ló ti dàgbà. Àárín igi mangrove, tí gbòǹgbò rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn nínú omi oníyọ̀, ni ọmọ ẹja ń sá sí, torí ẹja ńlá tó fẹ́ gbé e mì kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ti rí èrè àbàtà lójúkojú: òbòkun tó ṣì ń mí nínú abọ́, èpìyà, edé, akàn tí wọ́n fi okùn de ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà sá. Bí irà bá lọ, ọjà yẹn kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Àbàtà tún ń sẹ́ omi. Ní Kampala, olú ìlú Uganda, omi ẹ̀gbin ìgboro máa ń gba inú irà Nakivubo kọjá kó tó dé Adágún Victoria, inú adágún yẹn kan náà sì ni ìlú ti ń fa omi mímu. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ àwọn irà kan, irú èyí tó wà ní agbègbè odò Congo, jẹ́ ewé àti igi tó ti kó jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìjẹrà tán. Bí wọ́n bá fa omi rẹ̀ gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á sì tú èéfín kábọ́nù tó ń mú ayé gbóná sójú ọ̀run.

Ibo ni orúkọ Ramsar ti wá?

Ìlú kan ni Ramsar, ní etí Òkun Caspian lórílẹ̀-èdè Iran. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 18 ti fẹnu kò sórí àdéhùn yìí ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971, ìdí tí ọjọ́ náà fi di ọjọ́ àjọ̀dún nìyẹn. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1975. Lónìí, orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ lé ní 170, àwọn ibi tí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lé ní 2,500. Ìlú Gland ní Switzerland ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà.

Ẹyẹ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ pé jọ sí ẹkùn Camargue ní ilẹ̀ Faransé, lára wọn sì ni Luc Hoffmann, ọmọ Switzerland tó ti ń ṣọ́ ẹyẹ omi níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó kó wọn láyà sókè ni pé àwọn ìlú Yúróòpù ń fa omi àbàtà wọn gbẹ láti fi dáko, ẹyẹ sì ń tán lọ. Ẹyẹ tó pamọ ní àríwá Yúróòpù lè lo ìgbà òtútù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, adágún Nguru àti Dagona ní Ìpínlẹ̀ Yobe wà lára ibi tí wọ́n ń bà sí. Bí orílẹ̀-èdè mẹ́ta bá tọ́jú ẹyẹ yẹn, tí ẹ̀kẹrin ba ibi ìsinmi rẹ̀ jẹ́, iṣẹ́ àwọn mẹ́ta ti wọmi. Èyí ni kò fi ṣeé dá ṣe, tó fi di àdéhùn gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ omi, ẹja àti ìgbé ayé èèyàn wá gbilẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó yá.

Kí ni orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ṣèlérí?

Ìlérí ńlá mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, yóò mú ó kéré tán ibì kan lára àbàtà rẹ̀ tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, yóò kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ Ramsar, yóò sì tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní òdiwọ̀n fún un. Bí àpẹẹrẹ, ibi tí ẹyẹ omi 20,000 bá ti ń péjọ déédéé yẹ fún ìwé náà. Èkejì, bí omi bá pa òun àti orílẹ̀-èdè mìíràn pọ̀, wọn yóò jọ máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ rí, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí. Orílẹ̀-èdè náà ṣèlérí pé òun yóò fi ọgbọ́n lo gbogbo àbàtà tó wà nílẹ̀ òun. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n wí. Àdéhùn náà tún sọ ọ́ ní tààrà pé kí ìjọba dá ibi ààbò sílẹ̀ lórí àbàtà, yálà orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tàbí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní «ibí yìí kì í ṣe Ramsar, ẹ jẹ́ a dí i» kò ka àdéhùn náà débi tó yẹ.

Fífi ọgbọ́n lò ó kò sì túmọ̀ sí pé kí a lé apẹja àti àgbẹ̀ kúrò. Ní Ganvié, ìlú orí omi tó wà lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tímọ́tímọ́, wọ́n ń pè é ní akaja. Ẹja á wá ibòji wá síbẹ̀, á máa jẹ ohun tó ń hù lára igi, á bímọ. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹ̀ka igi kúrò, wọ́n á sì kó ẹja. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ bí akaja bá pọ̀ jù, igi etídò á máa tán, ẹrẹ̀ á sì máa ga sí i nísàlẹ̀ adágún. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn náà ń béèrè, kí iṣẹ́ máa lọ, kí omi má sì kú.

Ṣé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gba ilẹ̀ wa ni?

Rárá o. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tó ni ín. Ramsar jọ ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò: gbogbo yín jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da pàǹtírí sí gọ́tà, ẹgbẹ́ kò ní ọlọ́pàá, kò sì lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, àmọ́ bó o bá rú u, wọ́n á dárúkọ rẹ nípàdé. Bí Ramsar ṣe ń dárúkọ tirẹ̀ ni ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Montreux Record, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1990. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àbàtà tó wà nínú ewu sí, bí orílẹ̀-èdè tó ni ín bá gbà, kí àwọn onímọ̀ lè wá ràn án lọ́wọ́.

Ìwé yìí kò lágbára bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Spain kọ àbàtà Doñana sínú ìwé Ramsar ní ọdún 1982, orúkọ rẹ̀ sì wọ Montreux Record ní 1990, síbẹ̀ àwọn tó ń gbin èso strawberry ní àgbègbè náà ṣì ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan dá Spain lẹ́bi lórí rẹ̀. Àmọ́ ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni, òfin Yúróòpù ló sì fi dá ẹjọ́ náà. Ramsar kò ní kóòtù.

Ṣé ó wá ti ṣiṣẹ́ níbì kankan rí?

Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ wo Chilika, ọ̀sà ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Odisha lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí torí ọ̀sà ni bíi tiwa, omi odò àti omi òkun ló ń pàdé nínú rẹ̀, ẹja ni àwọn ará ibẹ̀ sì fi ń jẹun. Íńdíà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1981. Nígbà tó yá, ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá àti iyanrìn òkun dí ẹnu tí ọ̀sà náà fi ń bá òkun sọ̀rọ̀. Omi òkun kò wọlé dáadáa mọ́, iyọ̀ dín kù, koríko orí omi gba ojú ọ̀sà, ẹja àti edé tó ń wọlé láti òkun kò rí ọ̀nà. Àwọn apẹja ń lọ sódò, wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní 1993, orúkọ Chilika wọ Montreux Record.

Ìjọba ibẹ̀ kò fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀sà yẹn nìkan, àwọn onímọ̀ yẹ omi wò, wọ́n bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n tọ́jú orí òkè tí ẹrẹ̀ ti ń ṣàn wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, wọ́n gbẹ́ ẹnu tuntun sínú òkun. Iyọ̀ padà, koríko orí omi fà sẹ́yìn, ẹja tí wọ́n ń pa sì di ìlọ́po ìlọ́po láàárín ọdún díẹ̀. Ní 2002, wọ́n yọ Chilika kúrò nínú Montreux Record. Ìjọba Íńdíà àti àwọn ará ibẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà o. Ohun tí Ramsar ṣe ni pé ó jẹ́ kí ojú ayé wà lára wọn, kí ìmọ̀ràn sì wà nítòsí.

Èwo ni tiwa?

Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú Nàìjíríà ní ọdún 2001. Ibi 11 ni Nàìjíríà kọ sílẹ̀. Nguru ni àkọ́kọ́, ní 2000 tí ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ní 2008, mẹ́wàá mìíràn tẹ̀ lé e: lára wọn ni Adágún Chad, adágún Oguta ní Ìpínlẹ̀ Imo, igbó Apoi ní Bayelsa àti igbó Orashi ní Rivers. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó tàbí Èkìtì. Ọ̀sà Èkó kò sí níbẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kì kò sí níbẹ̀. Gbogbo irà tó wà ní Ìlàjẹ kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì ẹnubodè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, Benin kọ ìsàlẹ̀ odò Ouémé, adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ sínú ìwé Ramsar. Omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ yẹn kan náà ló ń gba Àgbádárìgì kọjá wá pàdé ọ̀sà Èkó. Omi kan náà, ẹja kan náà, èdè tí à ń gbọ́ létí rẹ̀ kò sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹja tó wà ní Àjàṣẹ́ ń wẹ̀ nínú omi tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá ààlà tí ojú kò rí, ó ti bọ́ sínú omi tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Nàìjíríà àti Benin ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò máa jọ sọ̀rọ̀ lórí omi tó pa wọ́n pọ̀. Kò sì sí ohun tó dí ìjọba wa lọ́wọ́ láti kọ apá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní láti dúró de ìwé náà kí a tó ṣe nǹkan. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ẹgbẹ́ náà ló ń bójú tó ọgbà ààbò ní Lẹ́kì láti 1990: hẹ́kítà 78 igbó àti irà. Kì í ṣe Ramsar. Àwọn èèyàn ló pinnu pé wọn kò ní jẹ́ kó lọ, ó sì wà níbẹ̀ dòní nígbà tí ilé ti gba yíká rẹ̀.

Ti Ọ̀ṣun Òṣogbo ńkọ́?

Àwọn kan máa ń da èyí pọ̀. Ìwé ohun ìní àgbáyé ti UNESCO ni igbó Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀ láti 2005, àdéhùn mìíràn nìyẹn, àṣà ló sì dá lé. Síbẹ̀, èèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja tàbí ṣọdẹ nínú igbó náà ti ń dáàbò bo etídò yẹn tipẹ́ kí wọ́n tó ronú kan Ramsar. Ó tọ́ kí a fi yangàn. Ó tún tọ́ kí a bínú pé àwọn tó ń wa wúrà ní òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, torí èèwọ̀ inú igbó kò lè dá omi tó ti bàjẹ́ láti òkè dúró.

Kí ni ọjọ́ 2 oṣù Kejì wà fún?

Ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá sọ ọ́ di ọjọ́ tirẹ̀. Ọdọọdún ló ní àkòrí, ti 2026 sì dá lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti àṣà. Àyẹyẹ lásán kò lè dá iyanrìn dúró, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn oníròyìn ń wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórí àbàtà nìyẹn, ó sì yẹ kí apẹja àti ìyá ẹlẹ́ja wà lára ẹni tí wọ́n máa bi.

Kí ni aráàlú lè ṣe?

Òfin ilé wa ló lágbára jù níbí. Òfin Environmental Impact Assessment ti ọdún 1992 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dí etí omi tó tó hẹ́kítà 50, tàbí tó fẹ́ sọ irà mangrove tó tó hẹ́kítà 50 di ilé tàbí oko, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí nípa ìpalára tó lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó fẹ́ fa omi àbàtà tó tó hẹ́kítà 100 gbẹ. Òfin yẹn kan náà fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí i.

Ibi tó ti jò ni ti àwọn tó ń dí i ní púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Hẹ́kítà 50 lé ní púlọ́ọ̀tì 700, torí náà ẹni tó dí mẹ́ta péré kò ní ìwádìí kankan tí òfin yẹn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e náà kò ní, títí irà á fi tán. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ ló lè dá ìyẹn dúró, ọ́fíìsì wọn ni kí àwọn àdúgbò kọ̀wé sí. Ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ìwé ìwádìí yẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Bí wọn kò bá ní in, wọn kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.